Ìyára Ẹ̀rọ àti Dídára Sídíì tí A Kọ

Ìmọ̀ràn méjì tó tako ara wọn ni àwọn tó ń kọ orin tàbí ìwàásù sórí sídíì ti ń gbọ́ bọ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìkọsídíì ti wọ ilé àwọn èèyàn. Àwọn kan ní bí ẹ̀rọ bá ṣe rọra kọ ọ́ tó ni iṣẹ́ náà yóò ṣe dára tó. Àwọn mìíràn ní ìyára kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú dídára, nítorí pé nọ́ńbà lásán ló wà lórí àwo náà. Ẹ̀rí tó lè parí ìjà yìí wà nínú ìwé òfin àwọn ilé iṣẹ́, nínú ìlànà àwọn ilé ìpamọ́ àti nínú àyẹ̀wò àwọn ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, ohun tí a sì sọ nípa ẹ̀rọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dá ẹ̀rọ ọdún 2003 lẹ́jọ́. Bí a bá tò wọ́n bí ọdún ṣe tẹ̀ lé ara wọn, yóò hàn pé ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tọ̀nà ní ìgbà kan tó ti kọjá, àti pé ìkejì kò tọ̀nà rí.

Philips ti ilẹ̀ Netherlands àti Sony ti ilẹ̀ Japan ni wọ́n jọ ṣe òfin sídíì ní 1980, nínú ìwé tí wọ́n pè ní Ìwé Pupa, tí àwo náà sì dé ọjà ní 1982. Nínú sídíì tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ jáde, kòtò wínníwínní ló tò lọ ní ìlà kan ṣoṣo tó ń yí po láti àárín bọ̀ sí etí. Kòtò àti àlàfo tó wà láàárín kòtò ní oríṣi gígùn mẹ́sàn-án, láti ìwọ̀n 3 dé 11, gígùn yìí sì ni ẹ̀rọ ń wọ̀n láti mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Àṣìṣe kò ṣeé yẹra fún nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣètò ìpele àtúnṣe méjì, C1 àti C2, tí èyí tí ti àkọ́kọ́ kò bá rí ṣe yóò bọ́ sọ́wọ́ ìkejì. Nínú 7,350 ìdìpọ̀ dátà tí ẹ̀rọ ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Ìwé Pupa kò gbà kí èyí tó ní àṣìṣe ju 220 lọ ní ìpíndọ́gba. Òṣùwọ̀n yìí ni a fi ń mọ sídíì tó dára yàtọ̀, kì í ṣe etí ọmọ aráyé.

Taiyo Yuden, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, ló ṣe àwo tí èèyàn lè fúnra rẹ̀ kọ ní 1988, a sì kọ òfin rẹ̀ sínú Ìwé Ọsàn ní 1990. Kò sí kòtò nínú àwo yìí. Aró ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, tí wọ́n fi wúrà tàbí fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ìtànṣán lésà a sì mú aró náà gbóná títí ojú ibẹ̀ yóò fi yí padà, tí ẹ̀rọ yóò máa kà á bí ẹni pé kòtò ló wà níbẹ̀. Ooru ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ó bá pọ̀ jù, àmì a gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá kéré jù, a kúrú, tàbí kí etí rẹ̀ má gún régé. Oríṣi aró mẹ́ta ló gbajúmọ̀: cyanine ti Taiyo Yuden, phthalocyanine ti Mitsui àti azo ti Mitsubishi Chemical, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní bí ó ṣe ń gba ooru sí.

Ìyára tí orin fi ń jáde nínú ẹ̀rọ ni a ń pè ní 1x, nítorí náà ẹ̀rọ ìbẹ̀rẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú 74 láti kọ àwo oníṣẹ́jú 74. Nígbà tí Hewlett-Packard gbé ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kò tó 1,000 dọ́là jáde ní 1995, 2x péré ni agbára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kì í lè fún ẹ̀rọ ní dátà láìdáwọ́dúró. Bí bọ́fà, ìyẹn ibi tí dátà ti ń dúró de lésà, bá ti ṣófo lẹ́ẹ̀kan, àwo náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Apá àkọ́kọ́ Ìwé Ọsàn kò kọjá 4x, aró tí wọ́n sì ń tẹ́ sínú àwo bá ìyára náà mu. Ẹni tó ní kí a rọra kọ ọ́ nígbà náà kò ṣìnà.

Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni eré ìje bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ilé iṣẹ́. Ní 2000, Sanyo gbé ọgbọ́n tí wọ́n pè ní BURN-Proof jáde, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ dáwọ́ kíkọ dúró bí bọ́fà bá fẹ́ ṣófo, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé, bí àwo ṣe bọ́ lọ́wọ́ ikú òjijì nìyẹn. Kí 2003 tó parí, 52x ti wà ní ọjà, tí sídíì kan ń parí kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Àwo tó ń yí nǹkan bí ìgbà 200 sí 500 ní ìṣẹ́jú kan ní 1x wá ń yí ju ìgbà 10,000 lọ, àwo tí kò bá dọ́gba díẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé lésà kò ní tọ ìlà rẹ̀ dáadáa, pàápàá ní apá etí.

Àwọn tó ń ṣe àwo náà kò dúró lójú kan. Wọ́n tún aró ṣe kí ó lè tètè gba ooru, wọ́n sì kọ orúkọ olùṣe àti ìyára tó bá àwo mu pamọ́ sínú ìlà rẹ̀. Ẹ̀rọ a ka èyí, a dán agbára lésà wò ní ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín àwo, a sì yan bí yóò ṣe máa tan lésà, tí yóò sì máa pa á. Ohun tí àwọn agbẹnusọ 1x kò kà sí nìyí: aró tó ń tètè gba ooru, bí lésà bá pẹ́ lórí rẹ̀, àmì rẹ̀ a fẹ̀ kọjá àyè, gẹ́gẹ́ bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná tó dúró lórí aṣọ fẹ́lẹ́ ṣe ń jó o. Nítorí náà ni àwo 52x tí a kọ ní ìyára tó kéré gan-an fi lè ní àṣìṣe C1 ju èyí tí a kọ ní 16x lọ, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun kò sì gba ìyára kékeré mọ́ rárá. Ẹ̀rọ mìíràn ń fi ìyára kún ìyára ní ìpele ìpele, ó sì ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní ààlà ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, a lè rí àwọn òrùka tín-ín-rín lórí rẹ̀ níbi tí ìpele ti yí padà.

Ilé iṣẹ́ méjì yẹ fún ìyìn nítorí pé wọn kò fi ìyára nìkan polówó. Ní 2001, Yamaha mú kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa kọ àmì tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí kíkà rẹ̀ lè rọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin ìṣẹ́jú 63 péré ni àwo oníṣẹ́jú 74 wá ń gbà. Plextor ní tirẹ̀ fún olùlò láyè láti fọwọ́ ara rẹ̀ yí agbára lésà padà ní ìyára kékeré bíi 4x, ó sì fi ètò tó ń ka àṣìṣe C1 àti C2 sọ́wọ́ ará ilé. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀rọ olówó gọbọi nìkan ló ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Ṣé etí lè gbọ́ ìyàtọ̀? Níwọ̀n ìgbà tí C1 àti C2 bá tún gbogbo àṣìṣe ṣe, nọ́ńbà kan náà ló ń jáde, orin kan náà ni. Ṣùgbọ́n àwo tí àṣìṣe rẹ̀ ti pọ̀ láti ọjọ́ tí a kọ ọ́ kò ní àyè fún ìfarapa, ìwọ̀nba ìbó tàbí oòrùn díẹ̀ ni yóò sì mú kí orin rẹ̀ máa fò. Ibí yìí ni ìyára ti kan dídára, àwọn tó ní nọ́ńbà kì í yí padà kò sì rò ó débẹ̀.

Ní 2006, UNESCO tẹ ìwé Kevin Bradley jáde lórí ewu fífi àkọsílẹ̀ iyebíye pamọ́ sórí sídíì, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé a kò lè gbójú lé àwo tí a kò dán wò. Ìkìlọ̀ yìí kan Nàìjíríà náà, níbi tí ọ̀pọ̀ ìjọ ti máa ń kọ ìwàásù sórí sídíì nígbà náà kí àwọn olùjọsìn tó fọ́nká: ìkánjú ló sábà máa ń pinnu ìyára, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ti gbó sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwo wọ̀nyí máa ń bọ́ sí.

Taiyo Yuden fi iṣẹ́ àwo sílẹ̀ ní 2015, kọ̀ǹpútà tuntun kò sì sábà ní ojú ibi tí a ń fi sídíì sí mọ́. Ẹni tó bá ṣì ń kọ ọ́, kí ó ra àwo olùṣe tó ṣeé fọkàn tán, kí ó kọ àwo 52x láàárín 16x sí 24x, kí ó dán an wò lórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹni tí ohùn àwọn òbí rẹ̀ tàbí orin tí kò sí ní ọjà mọ́ bá sì wà lórí sídíì àtijọ́ nìkan, kí ó dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà nígbà tí ó ṣì ṣeé kà.