Ọ̀nà Omi láti Èkó sí Àró: Bí Ọkọ̀ Odò Ògùn Ṣe Fẹ̀yìn Tì

Ẹni tí ó bá gba orí afárá gígùn tí ó wà ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kọjá, tí ó sì bojú wo ìsàlẹ̀, yóò rí odò kan tí ó ń lọ́ kiri láàrin koríko àti ẹrẹ̀. Odò Ògùn nìyẹn. Kì í ṣe Ògún òrìṣà irin, ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìṣẹ̀rí Olówóra wà ní etí rẹ̀. Àwọn tí ń sáré kọjá lókè kò bìkítà fún un, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé odò yìí gan-an ni títì, tí ó sì jẹ́ pé ọkọ̀ tí a fi igi kan ṣoṣo gbẹ́ ni ó ń kó ọjà Abẹ́òkúta lọ sí Èkó, tí ó sì ń kó ti Èkó padà. Omi kò gbẹ kí ọkọ̀ náà tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé ọ̀nà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni.

Láti agbègbè Ṣakí ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni odò náà ti ṣàn wá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta kọjá, ó kọjá Ìṣẹ̀rí, ó sì ya wọ inú ọ̀sà Èkó. Yemọja ni àwọn baba ńlá wa gbà pé ó ni ín. Àwọn Àwórì ní tiwọn a máa so ìbẹ̀rẹ̀ ìran wọn mọ́ ọn: ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ògúnfúnmínírè kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó gbé àwo kan lé orí omi, ó sì ń tẹ̀ lé e títí ó fi rì ní Ìṣẹ̀rí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní orúkọ Àwórì ti jáde. Kò yani lẹ́nu pé ohun tí ó léfòó lórí omi ni ìtàn náà fi ṣe afinimọ̀nà. Àwọn ènìyàn tí omi jẹ́ ọ̀nà fún kò lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Nígbà tí àwọn ìjọ CMS kọ́kọ́ ń wá sí Abẹ́òkúta, ọ̀nà Àgbádárìgì ni wọ́n ń gbà. Ọ̀nà náà ni Henry Townsend gbà wọ ìlú náà ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, 1843, nítorí pé òwò ẹrú ṣì ń gbilẹ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá fọ́ Èkó ní 1851, tí Akíntóyè sì padà sórí oyè, ọ̀nà odò ṣí. Ó yá ju ti Àgbádárìgì lọ, ẹrù kò sì wọni lọ́rùn nínú ọkọ̀ bí ó ti ń wọni lọ́rùn nígbà tí a bá gbé e lérí. Láti ìgbà náà ni Ìṣẹ̀rí ti di ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti inú ọ̀sà wá yóò kọ́kọ́ gba àárín ẹrẹ̀ àti koríko Agbóyi, kí ó tó dé ibi tí etí odò ti le dáadáa, tí ó ṣeé gúnlẹ̀ sí.

Iṣẹ́ àwọn atukọ̀ náà kò rọrùn. Nínú ọ̀sà, tí omi jìn, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti wọ inú odò, ọ̀pá gígùn ni wọ́n máa ń fi ti ìsàlẹ̀ omi, tí wọn yóò sì fi agbára wọn gbé ọkọ̀ àti ẹrù lòdì sí ìṣàn. Ìrìn ọjọ́ kan kọ́ ni. Ẹ̀fọn wà, òjò wà, igi tí ó rì sínú omi sì lè la ọkọ̀ nínú. Ìgbà òjò ni ọjà pọ̀ jù, nítorí pé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn omi a máa fà, iyanrìn a yọrí síta, ọkọ̀ ńlá kò sì ní lè dé òkè. Àró, ní ìsàlẹ̀ Abẹ́òkúta, ni èbúté ìkẹyìn, nítorí pé òkúta ni ó kún inú odò ní iwájú. Lónìí, bí a bá dárúkọ Àró, ilé ìwòsàn àwọn tí orí wọn dàrú, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ni ọmọdé àti àgbà máa ń rò. Kí ilé ìwòsàn tó dé, ariwo èbúté ni ó wà níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń kó? Epo pupa àti òwú ni ó ń sọ̀ kalẹ̀. Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, àti àwọn CMS ni wọ́n ń gba àwọn Ẹ̀gbá níyànjú láti gbin òwú fún títà, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, owó òwú lọ sókè gidigidi. Iyọ̀, aṣọ, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù ni ó ń gòkè lọ. Owó ẹyọ náà ń gòkè: ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù ènìyàn kan sì ni. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi níye lórí tó bẹ́ẹ̀. Owó fúnra rẹ̀ wúwo. Àwọn ènìyàn pàtàkì sì jókòó nínú ọkọ̀ náà. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tí ó bá Martin Delany wá wo ilẹ̀ àwọn baba wọn, gbà á lọ sí Abẹ́òkúta ní 1859; Richard Burton náà gbà á ní 1861. Àwọn méjèèjì kọ ìwé. Orúkọ àwọn gómìnà àti àwọn àlùfáà kún inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí èéfọ́ ọ̀pá wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn ni wọ́n gbé wọn débẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní ọ̀nà ni ó ní owó, nítorí náà odò yìí dá ìjà sílẹ̀. Ní 1865 ni G. W. Johnson àti àwọn Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ ìṣàkóso Ẹ̀gbá sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ máa gba owó orí ọjà tí ń jáde. Èyí kò dùn mọ́ John Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó nínú rárá. Àárín ìlú méjèèjì dàrú, ó sì já sí Ìfọ́lé ní ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà, 1867, nígbà tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sá wá sí Èkó, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, nígbàkígbà tí inú bá bí àwọn Ẹ̀gbá, wọn yóò ti ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá sì tì, ebi a máa pa atukọ̀ ṣáájú gómìnà. Àdéhùn tí wọ́n bá Gómìnà Carter ṣe ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, 1893, ni ó sọ pé ọ̀nà kò gbọdọ̀ tì mọ́.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní 1896, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi irin ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó. Agége ni ó gbà, ó gba Ìfọ̀, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, 1901, ni wọ́n ṣí i. Kò ya Ìṣẹ̀rí rárá. Ẹrù tí ó ti ń lo ọjọ́ lórí omi wá ń lo wákàtí díẹ̀, kò sì béèrè bóyá ẹ̀ẹ̀rùn ni tàbí òjò. Ta ni yóò tún dúró de ọkọ̀ igi? Àró dákẹ́. Ìlú tí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà wá di ẹ̀yìn ilé.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í kú ní ọjọ́ kan. Ó di ọkọ̀ apẹja, ó di ọkọ̀ tí ń gbé ènìyàn kọjá sí òdìkejì, ó sì di ọkọ̀ àwọn tí ń wa iyanrìn. Ìlú Èkó ń kọ́ ilé, iyanrìn odò Ògùn sì wà nínú ọ̀pọ̀ ògiri rẹ̀. Ní 1978 ni wọ́n ṣí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí afárá rẹ̀ gba orí àbàtà odò náà kọjá. Ní nǹkan bí 1984 ni koríko olódòdó aláwọ̀ àlùkò gba ọ̀nà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọ inú omi wa, tí ó sì ń dí ojú omi pa. Ìjọba Lateef Jakande, láàrin 1979 sí 1983, gbìyànjú láti dá ènìyàn padà sórí omi. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n pè ní Baba Kékeré àti Ìta Fàájì wà lára ohun tí ó rà. Ìgbìyànjú rere ni, ṣùgbọ́n ìhà Mile 2 àti Marina ni wọ́n ń ná. Odò Ògùn kò sí nínú rẹ̀.

Ní 1983 kan náà ni Ààrẹ Shagari ṣí ìsédò Ọyán, lórí odò tí ó jẹ́ ẹ̀ka odò Ògùn. Láti ìgbà náà, bí omi bá pọ̀ jù lẹ́yìn ìsédò, wọn a ṣí i sílẹ̀, àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni yóò sì gbà á. Ní oṣù Ọ̀wàrà, 2010, omi bo Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ó sì wọ ilé lọ́pọ̀lọpọ̀ ní agbègbè Ìṣẹ̀rí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rì. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ti kọ́lé sórí àyè omi bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí yóò gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, àwọn atukọ̀ sì jáde: wọ́n fi ọ̀pá ti ìsàlẹ̀ omi ní àárín àdúgbò, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò, wọ́n sì gba owó ọkọ̀ wọn.