Bob Keeshan, Aláwàdà Tí Kò Fọhùn

Àwa tí a ń kọ́ ọmọdé kì í sábà ka aláwàdà mọ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa, ẹni tí ó kun ojú, tí ó sì wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ láti fi pa ọmọ lẹ́rìn-ín, ńṣe ni ó ń ba iṣẹ́ tí a ṣe láàárọ̀ jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà kan wà, Robert Keeshan, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bob, tí ó ti inú àwàdà bọ́ sínú ohun tí ó jọ iṣẹ́ olùkọ́ gidigidi. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkà.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1927 ni a bí i ní Lynbrook, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1945, ogun sì parí kí ó tó débi ìjà. Lẹ́yìn èyí ó di ìránṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ NBC, níbi tí ó ti pàdé Bob Smith, olóòtú ètò àwọn ọmọdé kan tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá 1947. Ọmọlangidi kan tí a ń fi okùn darí, Howdy Doody, ni ọba ètò náà. Iṣẹ́ Keeshan kò ju pé kí ó máa gbé ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ, kí ó sì máa bá Smith di ẹrù mú. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé kò bójú mu kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa fi aṣọ lásán rìn kiri láàárín irú eré bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ aláwàdà ní 1948, wọ́n sì sọ ọ́ ní Clarabell.

Clarabell kì í sọ̀rọ̀. Fèrè méjì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, irú èyí tí ń bẹ lára mọ́tò àtijọ́, ni ó so mọ́ ìbàdí: ọ̀kan túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, èkejì sì túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí inú bá ru ú, yóò gbé ìgò omi eléfòó, yóò sì tú u sí Smith lójú pẹ̀ẹ̀. Bí àwọn ogójì ọmọ tí ó jókòó síbẹ̀ yóò ti máa ké ni àwọn ti ilé náà yóò máa ké. Olùkọ́ tí ohùn rẹ̀ ti há rí, tí ó sì ní láti darí kíláàsì lọ́jọ́ náà, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ.

Ní ìparí 1952, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ béèrè fún àfikún owó iṣẹ́. Kàkà kí wọ́n rí i gbà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹlòmíràn wọ aṣọ Clarabell, ó kun ojú rẹ̀ bí ti Clarabell, eré sì ń lọ. Ìnira aláwàdà nìyí. Ẹ̀kú ni ọmọdé mọ̀, kò mọ ẹni tí ó gbé e.

Ní 1953 ó tún di aláwàdà ní ilé-iṣẹ́ mìíràn ní New York. Corny ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń fọhùn wàyí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 1955 ni ọjọ́ rẹ̀ gan-an, nígbà tí ó di Captain Kangaroo ní ilé-iṣẹ́ CBS. Ẹni ọdún 28 ni, bàbá àgbà ni ó sì ń ṣe: irun àtọwọ́dá funfun lórí, ẹ̀wù tí àpò rẹ̀ tóbi bí àpò tí ẹranko ilẹ̀ Australia náà fi ń gbé ọmọ rẹ̀. Ariwo kò sí. Kò sí èrò níbẹ̀ tí ń pàtẹ́wọ́. Ó ń bá ọmọ kan ṣoṣo tí ó wà nílé sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń ka ìwé ìtàn, ó sì ń fi àwòrán inú rẹ̀ hàn án. Béárì kan wà níbẹ̀ tí ń jó láìsọ̀rọ̀. Àti ẹranko kan, Mr. Moose, tí ń pa àwàdà títí bọ́ọ̀lù kéékèèké yóò fi ya lu orí Captain bí òjò. Ẹni tí ń da omi síni lójú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún!

Keeshan kì í gba gbogbo ìpolówó ọjà tí wọ́n bá gbé wá. Èyí tí kò bá yẹ ọmọdé, kò ní gbà á. Mo ka èyí sí iṣẹ́ tí ó tóbi jù nínú gbogbo ohun tí ó ṣe, nítorí owó ìpolówó ni oúnjẹ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti Clarabell, ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 1960 ni eré Howdy Doody kásẹ̀ nílẹ̀. Lew Anderson ni ó wà nínú aṣọ náà nígbà náà. Kámẹ́rà sún mọ́ ọn, omijé yọ lójú rẹ̀, ó sì la ẹnu dágbére fún àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Clarabell sọ ní ọdún méjìlá nìyẹn.

Captain pẹ́ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n CBS fẹ́ fi òwúrọ̀ fún ìròyìn àwọn àgbà. Ní 1981 wọ́n gé ètò náà sí ààbọ̀ wákàtí, lẹ́yìn náà wọ́n tì í sí agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì ń sùn, wọ́n sì sún un sí òpin ọ̀sẹ̀ ní 1982. Ní oṣù kejìlá 1984 ó parí. Bí àgbà bá fẹ́ àyè, ibi tí ọmọdé jókòó sí ni ó kọ́kọ́ máa ń wò.

Keeshan kò jókòó lásán. Ní 1987, òun àti Lamar Alexander, gómìnà Tennessee tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ń ṣètò ibi ìtọ́jú ọmọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní 2004 ni ó kú ní Vermont, ní ẹni ọdún 76.