Àrọ̀ Ńlá Nínú Adágún Ilé: Ibi Tí Òfin Fàyè Gbà Á, Àti Ibi Tí Kò Gbà Á

Lágbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò ní ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe ohun tuntun mọ́ kí ìdílé gbẹ́ adágún ẹja sí ẹ̀yìnkùlé. Àrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń sìn. Ẹja yìí lè gùn ju mítà 1 lọ, ó sì lè mí afẹ́fẹ́ bí omi bá fà tàbí tó dọ̀tí. Agbára yìí ló mú kí ó rọrùn láti sìn. Òun náà ló jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè kan máa sá fún un.

Ní Nàìjíríà, òfin tó kan ọ̀rọ̀ náà jù ni Òfin Ẹja Pípa Nínú Omi Ilẹ̀, tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ ní ọdún 1992. Ẹja inú odò àti ọ̀sà ló fẹ́ dáàbò bò, kì í ṣe pé ó fẹ́ wọn gígùn àrọ̀ inú adágún onílé. Ó ka fífi májèlé, ohun abúgbàù tàbí iná mànàmáná pa ẹja léèwọ̀, kò sì fẹ́ àwọ̀n dídẹ tí ojú rẹ̀ kéré sí ínǹṣì 3. Òfin kan náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ẹja ààyè wọlé láti òkèèrè, tàbí kó o jáde, láìgba àṣẹ.

Fún àwọn ẹja ńlá ilẹ̀ òkèèrè, ìdè mìíràn tún wà. Arapaima, ẹja odò Amazon tó lè gùn ju mítà 2 lọ, wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé CITES, èyí tí Nàìjíríà ti wọ̀ láti ọdún 1974. Kò gbọdọ̀ ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn láìsí ìwé àṣẹ.

Àwọn tó ní ẹbí ní Amẹ́ríkà náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Lẹ́yìn tí ìbátan àrọ̀ kan láti ilẹ̀ Éṣíà bọ́ mọ́ àwọn tó ń sìn ín lọ́wọ́ ní Flọ́rídà ní àwọn ọdún 1960, tó sì ń wọ́ lórí ilẹ̀ láti inú omi kan dé òmíràn, ìjọba ibẹ̀ fi gbogbo ìran àrọ̀ sábẹ́ Òfin Lacey. Àrọ̀ ààyè tàbí ẹyin rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ pàtàkì.

Nítorí náà, ẹni tó ń sin àrọ̀ ilé wa kò rú òfin ẹja. Ìgbà tí ẹja ààyè bá fẹ́ kọjá ẹnubodè ni ó yẹ kí olówó rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè àṣẹ. Ẹja àjèjì tó bá sì ti bọ́ sínú ọ̀sà, agbára káká ni a fi lè kó o padà.