Ọkọ̀ tó dúró ṣánṣán lálẹ́, tó jókòó sílẹ̀ láàárọ̀: Bí a ṣe ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò

Ìlú Ntoum wà ní nǹkan bíi kìlómítà 40 sí ìlà-oòrùn Libreville, lójú ọ̀nà márosẹ̀ N1 tó ń ti olú-ìlú Gabon lọ sí Kango àti Lambaréné. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú omi tí àwọn ará Libreville ń lò ti ń wá. Ìlú sìmẹ́ǹtì sì ni, nítorí náà ọkọ̀ akẹ́rù kì í wọ́n lójú ọ̀nà rẹ̀. Yàtọ̀ sí àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, òjò kì í fi agbègbè náà sílẹ̀ pẹ́. Èyí tó ń rọ̀ lọ́dún ju mílímítà 2,500 lọ. Kòtò, ẹrẹ̀ àti ọ̀rinrin irú èyí ló máa ń tètè tú àṣírí ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé dúró.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Range Rover, Mercedes-Benz ML àti GL, pẹ̀lú àwọn Prado kan tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ni afẹ́fẹ́ wà. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Rọ́bà wọn ti lo ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí èbúté Owendo, Cotonou tàbí Èkó.

Dípò sípíríńgì onírin, àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ náà. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré tí ń lo iná bátìrì ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà. Á gba inú dráyà kọjá, ìyẹn agolo tí èròjà tí ń fa omi wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àkójọ fálífù á pín in sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ńsọ̀ tó wà nítòsí táyà ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ara ọkọ̀ ṣe ga tó. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Cadillac fi sí ọkọ̀ Eldorado Brougham ní ọdún 1957, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn tó rà á lẹ́nu débi pé ọ̀pọ̀ wọn yọ ọ́, tí wọ́n fi sípíríńgì onírin rọ́pò rẹ̀. Range Rover bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 1992.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn

Àṣìṣe tó ń gbọ́n owó jáde lápò onímọ́tò jù ni kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kú, kí ó ra òmíràn, kí ó sì fi ibi tó ń jò sílẹ̀. Wọ́n ṣe kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yìí láti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì sinmi. Bí àpò kan bá ń jò, yóò máa ṣiṣẹ́ ṣáá láti dí ohun tó ń sọnù, yóò gbóná, títí yóò fi jóná. Nígbà mìíràn, rélè rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò sì ní dákẹ́ mọ́ kódà bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì. Tuntun tí a bá gbé sórí ọkọ̀ tó ṣì ń jò, ọ̀nà kan náà ni yóò bá lọ. Ọ̀rinrin tún ń dá kún un: bí èròjà inú dráyà bá ti mu omi yó, omi á wọ inú fálífù, á sì jẹ́ kí ó dógùn-ún.

Ìwọ̀n alẹ́, ìwọ̀n àárọ̀

Ìwádìí náà kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá níbẹ̀rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí a fi téèpù wọn láti àárín táyà dé etí páànù ọkọ̀ tó wà lókè rẹ̀, lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń gbé ara rẹ̀ sókè gbàrà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ìyàtọ̀ mílímítà díẹ̀ kò tó ẹjọ́. Òtútù òru máa ń mú kí afẹ́fẹ́ sún kì. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá lọ sílẹ̀ gan-an, àpò tàbí páìpù ẹsẹ̀ yẹn ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí méjèèjì iwájú tàbí méjèèjì ẹ̀yìn bá jọ lọ, kí a wo àkójọ fálífù.

Àwọn Range Rover kan máa ń tan mẹkáníìkì jẹ. Kọ̀ǹpútà wọn á jí lóru, á sì rẹ ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù sílẹ̀ kí wọ́n lè bá èyí tó ń jò dọ́gba, gbogbo ọkọ̀ á wá jókòó pọ̀. Bí a bá yọ fíúsì suspension kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹsẹ̀ tó jẹ̀bi nìkan ni yóò lọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọṣẹ kàn, gẹ́gẹ́ bí fọ́kánáísà ṣe ń wá ihò táyà. Kí a fọ́n omi ọṣẹ sí ojú ibi tí páìpù ti wọ inú àpò, sí àkójọ fálífù, àti pàápàá sí ibi tí rọ́bà ti ká lábẹ́ àpò, níbi tí iyanrìn máa ń há sí. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Kí a gbé ọkọ̀ sókè dé òpin, kí a sì tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ojú ibi tó sán lára rọ́bà lè pa dé ní gíga kan kí ó sì là ní òmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ nìkan gbé dúró. Bí àpò bá bẹ́ tàbí tí fálífù bá ṣí lójijì, ọkọ̀ tó wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ ni yóò bà lé e. Jáàkì nìkan kò tó. Kí ọkọ̀ jókòó sórí irin ìdúró gidi, kí wọ́n sì tú afẹ́fẹ́ inú páìpù dànù kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìsopọ̀ rẹ̀.

Àtúnṣe

Páìpù ló rọrùn jù: kí a gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí ojú rẹ̀ gún, kí a fi ìsopọ̀ tuntun sí i. Àpò tó ti sán kò gba gọ́ọ̀mù, pípààrọ̀ ni. Ó dára kí a pààrọ̀ ti ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Kí wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú àpò tuntun kí ọkọ̀ tó gbé ara lé e. Bí ó bá ká gbódì nígbà tó ṣófo, ó lè ya lọ́jọ́ kìíní. Bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá ti jóná, kí wọ́n pààrọ̀ rélè àti dráyà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á dábàá pé kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fi sípíríńgì onírin sí i. Ìmọ̀ràn náà kò burú fún ẹni tó ń gbé níbi tí ojúlówó àpò ti ṣòroó rí. Àmọ́ ọkọ̀ náà kò ní lè gbé ara rẹ̀ sókè nínú ẹrẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa tẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀, iná ìkìlọ̀ á sì máa tàn títí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò fi tún un ṣe.

Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá náà ń lo àpò afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ wọn, fálífù tí ọ̀pá irin kan ń darí ló ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, etí lásán sì lè gbọ́ ibi tó ń jò. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kan náà ló ń fún bíréèkì wọn ní afẹ́fẹ́. Fálífù ààbò wà tó ń pa ti bíréèkì mọ́, síbẹ̀ awakọ̀ tó bá rí i tí gééjì afẹ́fẹ́ ń lọ sílẹ̀ lórí ìrìn gbọ́dọ̀ wá ibi tó tẹ́jú, kí ó dúró.