Zanzibar: Erékùṣù Tí Ó Ní Ààrẹ Ṣùgbọ́n Tí Kò Dá Dúró

 

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí á yà sí Zanzibar, nínú òkun Íńdíà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Unguja àti Pemba ni erékùṣù ńlá méjì tí ó wà níbẹ̀, Mùsùlùmí ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n ní Ààrẹ tiwọn, ilé aṣòfin tiwọn, ilé-ẹjọ́ gíga àti àsíá tiwọn. Síbẹ̀, Zanzibar kò ní ìjókòó ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lónìí. Kí ló fà á?

Àwọn Sọ́tánì tí wọ́n wá láti Oman ni wọ́n ń jọba níbẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi í sí abẹ́ ààbò wọn ní ọdún 1890. Òmìnira dé ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 1963. Oṣù kan péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1964, wọ́n dojú ìjọba Sọ́tánì dé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí bọ́, pàápàá ti àwọn Lárúbáwá. Abeid Karume di olórí. Nígbà tí ó di ọjọ́ 26, oṣù Kẹrin ọdún kan náà, Zanzibar àti Tanganyika tí Julius Nyerere ń darí di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, èyí tí a mọ̀ sí Tanzania lónìí.

Àdéhùn ni wọ́n fi so ó pọ̀. Ohun 11 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé yóò wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ọmọ ogun, ọlọ́pàá, ìwé ọmọ ìlú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù jẹ́ ti Zanzibar. Nígbà tí ó yá, iye náà lé ní 20, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ará erékùṣù náà ń ráhùn lé lórí.

Ẹ wo ohun méjì kí ẹ lè rí ìyàtọ̀. Ní ọdún 1992, Zanzibar wọ Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí. Ariwo sọ nílé aṣòfin Tanzania, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wà nínú ohun 11 yẹn. Ní ọdún 1993, Zanzibar jáde kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ Kádì, tí ń dá ẹjọ́ ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ogún, dúró digbí. Òfin Zanzibar ti ọdún 1984 sọ pé ẹjọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí ó bá bẹ̀rẹ̀ níwájú Kádì kò gbọdọ̀ dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Tanzania. Inú Zanzibar ni yóò parí sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ṣé ẹ rí i? Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni ó dá wọn lọ́nà, òun náà ni ó dáàbò bò wọ́n. Àáyà tí ó gùn jùlọ nínú Àlùkùránì, nínú Súrà Al-Baqarah, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Tí owó lásán bá gba àkọsílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mélòó mélòó ni ẹ̀tọ́ odindi ìlú!

Ní Nàìjíríà tiwa, ìwé òfin 1999 sọ pé ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ lè ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Sharia. Mélòó nínú wa tí ń jiyàn lórí rẹ̀ ni ó ti kà á? Ẹ ka òfin kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì ṣe àdéhùn, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì mú un ṣẹ.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tí ń pa àdéhùn mọ́. Àmín.