Ìjà Lórí Kọ̀ǹpútà Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà Lọ́dún 2007: Ta Ni Ó Ni Yíyan Sọ́fítíwíà?

Ìfáárà

Bí kọ̀ǹpútà bá dé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ògbòòrò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, ohun tí alágbàtà ti kó sínú rẹ̀ kí ó tó tà á ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi kọ́ bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà sì sọ pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ alágbàtà àti sọ́fítíwíà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajé nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni pẹ̀lú. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó wáyé ní Nàìjíríà lọ́dún 2007 fi èyí hàn kedere.

Ọ̀fẹ́ àti Òmìnira

Èdè Yorùbá ya ọ̀fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òmìnira, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún méjèèjì. Òmìnira ni Richard Stallman ní lọ́kàn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GNU ní 1983. Linux tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991 sì wá kún un. Ẹni tí irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́ lè lò ó, kí ó wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbowó. Títò ó sínú ẹ̀rọ àti títọ́jú rẹ̀ fún oníbàárà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń jẹun. Mandriva wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ Faransé ni, ó sì jẹyọ ní 2005 nígbà tí Mandrakesoft àti Conectiva ti ilẹ̀ Bùràsíìlì di ọ̀kan.

Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Rí

Ní 2007, Mandriva kéde àdéhùn lórí 17,000 Classmate PC, kọ̀ǹpútà kékeré tí Intel ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Linux tí Mandriva tún ṣe fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ni yóò wà nínú wọn, Technology Support Center (TSC) sì ni alágbàtà. Ní oṣù kẹrin ọdún náà gan-an, Microsoft ti kéde pé ìjọba lè ra Windows àti Office fún akẹ́kọ̀ọ́ ní dọ́là 3 péré.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft. Ó ní oníbàárà yóò san owó sọ́fítíwíà àwọn, ṣùgbọ́n yóò yọ ọ́ kúrò, yóò sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Microsoft sọ pé àwọn kò rú òfin kankan. Ìròyìn oṣù kọkànlá tún fi hàn pé ìjíròrò ń lọ lórí $400,000 tí Microsoft fẹ́ fún TSC fún ìpolówó ọjà. Lẹ́yìn náà ni Universal Service Provision Fund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń sanwó fún 11,000 nínú kọ̀ǹpútà náà, sọ pé Mandriva ni àwọn yóò máa lò.

Àgbéyẹ̀wò

Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Àjọ tí ó sanwó ni ó sọ̀rọ̀ ikẹyìn, kì í ṣe alágbàtà, kì í sì í ṣe ẹni tí ó kọ sọ́fítíwíà. Àwọn tí ó ń jiyàn náà ni ilé-iṣẹ́, alágbàtà àti àjọ ìjọba. Olùkọ́ tí yóò dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ kò sí níbẹ̀.

Ohun kejì hàn lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ní 2015, Mandriva kógbá sílé. Bí ó bá jẹ́ sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo há mọ́wọ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti gba iṣẹ́ náà ṣe ṣáájú: Mageia yà kúrò lára rẹ̀ ní 2010, OpenMandriva sì tẹ̀ lé e. Òmìnira ni ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Síbẹ̀, òmìnira láti tún nǹkan ṣe kò wúlò níbi tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìgúnlẹ̀

Àdéhùn 2007 kọ́ni pé kíkó sọ́fítíwíà sínú kọ̀ǹpútà kò tó. Ìtọ́jú tí ó wà nítòsí ni ó ń mú un dúró. Ìtọ́jú tí ó wà ní Paris tàbí Abújá nìkan jìnnà sí Ògbòòrò. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ní Ṣakí ni yóò lè dé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́. Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni bá ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní ìmọ̀ yìí, ohùn olùkọ́ yóò wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún ń yan sọ́fítíwíà fún ọmọ wa.