Kíníìnì Ṣáájú Ibà ní Etíkun Àgbádárìgì

Ní ìparí oṣù Kọkànlá 1825 ni òyìnbó arìnrìnàjò Hugh Clapperton àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ Yorùbá dé Sókótó. Kí ọdún náà tó parí, méjì nínú wọn, Pearce àti Dókítà Morrison, ti kú lójú ọ̀nà. Nígbà tí Gollmer, Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. dé sí ìlú náà ní 1845, ọdún ọ̀hún kò jáde tí ìyàwó Gollmer fi di olóògbé.

Oògùn ibà wà o. Láti 1820 ni Pelletier àti Caventou ti yọ kíníìnì lára èèpo igi kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Àsìkò lílò rẹ̀ ni wọn ò mọ̀. Ìgbà tí aláìsàn bá ti ń gbọ̀n ni dókítà ń wá a kàn, tí yóò sì tún sín in ní gbẹ́rẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dà.

Nínú ìrìnàjò Odò Ọya ti 1841, òyìnbó 145 ló wọ odò, ibà sì mú 130 nínú wọn. Thomson, ọ̀kan nínú àwọn dókítà wọn, ń mu kíníìnì lójoojúmọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ó gbé ìrírí rẹ̀ jáde ní 1846. Ní 1847, Alexander Bryson dá irú ìmọ̀ràn kan náà fún àwọn ọmọ ogun ojú omi. Dókítà Baikie, olórí ìrìnàjò Odò Ọya ti 1854, ló wá fi hàn gbangba: nínú òyìnbó 12 tó ń mu kíníìnì nínú ọkọ̀ Pleiad, ẹnìkan ò kú. Crowther, tó ti bá wọn lọ ní 1841, wà nínú ọkọ̀ yìí náà.

Kì í ṣe ibà nìkan ni wọ́n ti ń fi oògùn ṣáájú. Ní Ṣáínà, dókítà Zhang Lu ti kọ ọ́ ní 1695 pé kí á máa lẹ èso mọ́sítádì funfun lílọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú lásìkò tí oòrùn mú jù, kí òtútù má baà dé bá a. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí agbára rẹ̀. Irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ ò lè bá Àgbádárìgì mu. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀fọn Anopheles gambiae, tó ń gbé ibà, yóò pamọ sínú ọ̀gọ̀dọ̀. Anopheles melas ní tirẹ̀, omi oníyọ̀ tó wà létí ọ̀sà ló yàn láàyò. Ibà ò ní ìsinmi níbẹ̀.

MacGregor, gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, tí òun náà jẹ́ dókítà, pín kíníìnì ó sì gbẹ́ odò láti fa omi àbàtà. Dókítà Ross, tó ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní 1897, wá sí Èkó ní 1901.

Láti 2012 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa fún àwọn ọmọdé lóògùn ìdènà ibà lóṣooṣù lásìkò òjò ní agbègbè Sahel. Àríwá Nàìjíríà ń ṣe é. Ní etíkun, aboyún ló ń gba oògùn ìdènà ní ilé ìwòsàn, láti oṣù kẹrin oyún títí di ìgbà tó bá bímọ, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn.